Kẹ́sẹ́ Ọláyíwọlá: Ọ̀kan ní Adó, Ọ̀kan ní Ìgèdè

Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n nìyí tí Akínbọ́lá ti ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Adó lọ sí Ìgèdè, bí iṣu tuntun bá ti dé, nítorí ohun kan ṣoṣo. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, oòrùn kì í tíì mú kí ó tó débẹ̀. Ní ọdún 1934 yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sinmi kí ó tó rí òrùlé àkọ́kọ́, orúnkún rẹ̀ sì ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Ọláyíwọlá, bàbá rẹ̀, ni ó fi ọ̀ràn náà lé e lọ́wọ́. Nígbà ogun, wọ́n kó Ọláyíwọlá lẹ́rú lọ sí Ìlọrin, ó sì di olùtọ́jú ẹṣin fún ọ̀gágun ẹlẹ́ṣin kan. Nígbà tí ọ̀gágun náà ń kú lọ, ó kó kẹ́sẹ́ rẹ̀ méjèèjì fún un, ó sì ní kí ó máa lọ sílé. Kì í ṣe irin lásán tí a fi ń gún ẹṣin níhà lójú ìjà. Idẹ ni, a fi fàdákà bò ó létí, ọjọ́ ọdún nìkan ni ọ̀gágun ń wọ̀ ọ́. Ọláyíwọlá kò ní ẹṣin rí títí ó fi kú, síbẹ̀ eruku kì í bà lé kẹ́sẹ́ náà nínú ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ó bá Akínbọ́lá, àkọ́bí rẹ̀, sọ ni pé, "Má jẹ́ kí wọ́n pínyà."

Ṣùgbọ́n aya méjì ni ó fi sílẹ̀, ìdí-igi, ìyẹn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, ni a sì fi ń pín ogún. Àwọn àgbà pín ilé, wọ́n pín oko. Nígbà tí ó kan kẹ́sẹ́, wọ́n ní méjì ṣáà ni, aya náà sì jẹ́ méjì. Ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ Akínbọ́lá. Èkejì bá Ọmọ́níyì, ọmọ ìyàwó kejì, lọ sí Ìgèdè, ìlú ìyá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rántí bi wọ́n pé, ta ni ń fi ẹsẹ̀ kan gun ẹṣin?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ti dé," ni Ọmọ́níyì wí bí ó ti rí i lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹṣin ńkọ́? Àbí Adó lẹ so ó mọ́lẹ̀ sí?"

Ẹ̀fẹ̀ kan náà ni lọ́dọọdún. Akínbọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó tú aṣọ ìnujú rẹ̀, ó gbé kẹ́sẹ́ tirẹ̀ sórí àpótí.

"N kò wá gba tìrẹ mọ́. Gba tèmi. Kí wọ́n ṣáà wà pọ̀, ibi yòówù kí ó jẹ́. Ó ti rẹ̀ mí."

Ọmọ́níyì wo kẹ́sẹ́ náà, kò fọwọ́ kàn án.

"Tèmi kò sí ńlẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo fi sin ìyá mi. Òun ló ń nù ún láràárọ̀. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi sí i lọ́wọ́."

"Ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá rẹ ti kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń wá, tí o ń bi mí léèrè ẹṣin."

"Bí mo bá ti sọ ọ́, ẹ kò ní wá mọ́."

Akínbọ́lá fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ìbínú pàápàá a máa gba agbára, tirẹ̀ sì ti tán sójú ọ̀nà. Folúkẹ́, ìyàwó Ọmọ́níyì, gbé iyán wá. Akínbọ́lá fọwọ́, ó jẹun. Nígbà tí ó jẹ tán, ó di kẹ́sẹ́ rẹ̀ padà sínú aṣọ ìnujú.

"Lọ́dún tó ń bọ̀," ni ó wí, "ìwọ ni kí o wá sí Adó. Orúnkún mi kò lè gbé mi débí mọ́."