Àpótí Hannah Tó Di Kóòṣì

Wọ́n ní Bàbá Rélùwéè ń kan pósí kékeré nínú yàrá ìyàwó rẹ̀ tó dolóògbé. Mùbárákà aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn ní Ilora níbí, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Ó ní òun gbọ́ ìró ayùn láàárọ̀, òun tún gbọ́ ọ lọ́sàn-án, nígbà tí afẹ́fẹ́ sì gbé kọ́tìnnì, òun rí nǹkan gbọọrọ kan lórí tábìlì, igi tó ń dán, tó gùn tó apá èèyàn.

"Màmá, pósí ni. Ojú mi báyìí ni mo fi rí i."

"Pósí ta ni? Ta ló kéré tóyẹn nílé ẹni tí kò bímọ?"

"Ohun tó ń já mi láyà gan-an nìyẹn."

Mo sọ fún un pé ọmọlẹ́yìn Kristi kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n mo tún bi í bóyá pósí náà ní ìdérí, ẹni tí kò bá sì gba ọ̀rọ̀ gbọ́ kì í bèèrè ìdérí.

Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé n kò lè gbé e sínú. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, mo pàdé Ọ̀ṣunníyì, àbúrò olóògbé, níbi tó ti ń dúró de ọ̀kadà tí yóò gbé e padà sí Iware. A kí ara wa kú ara fẹ́ra kù. Ó bèèrè ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Wọ́n wà ńbẹ̀," mo ní. "Wọ́n ní wọ́n ń fi ayùn gé nǹkan nínú yàrá Hannah."

Ọ̀rọ̀ pósí kò jáde lẹ́nu mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó jáde náà tó.

"Nǹkan wo ni wọ́n ń gé?"

"N kò mọ̀."

Ó gun ọ̀kadà, kò tilẹ̀ dágbére fún mi.

Olúṣínà ni wọ́n sọ Bàbá Rélùwéè lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀. Fiditi ló ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, wọ́n gbà á sí ṣọ́ọ̀bù rélùwéè ní Èbúté Mẹ́tta, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kóòṣì èrò ló ń tún ṣe: ilẹ̀kùn, àga, fèrèsé, gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ igi lára ọkọ̀ ojú irin. Nítorí pé òun àti Hannah kò bímọ, kò sí orúkọ ọmọ tí a lè fi pè é, la bá ń fi iṣẹ́ pè é. Hannah inú Bíbélì rí Sámúẹ́lì gbà. Tiwa gbàdúrà títí. Mo mọ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń kúnlẹ̀ sí nínú ẹgbẹ́ obìnrin Onítẹ̀bọmi, orúnkún mi á ti máa ro mí, tirẹ̀ kò ní tíì kúrò nílẹ̀. N kò tíì bi Ọlọ́run léèrè. Ó wà lára ohun tí mo fẹ́ bi Í bí mo bá débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún Ọ̀ṣunníyì kò jẹ́ kí n sinmi. Ní Ọjọ́bọ̀, mo se ẹ̀wà, mo gbé abọ́ kan lọ sílé Bàbá Rélùwéè, kí n lè rí ìdí wọlé.

"Ìyá Ayọ̀bámi, ẹ káàbọ̀. Ẹ rọra o, ẹ má tẹ Ọ̀fà mọ́lẹ̀."

Mo wolẹ̀. Ọ̀fà wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi lóòótọ́, téṣàn kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná mẹ́rin lọ, tó ní òrùlé, tó ní bẹ́ǹṣì lábẹ́ òrùlé. Ojú irin kọjá níwájú rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ni ojú irin náà ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó pè ní Ìbàdàn, ó yí ibùsùn Hannah ká, ó wá gun orí tábìlì lábẹ́ fèrèsé. Ọ̀pá agboòrùn tó ti bàjẹ́ ló fi ṣe irin, ó gé ọparun pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Lórí tábìlì, dígí fífọ́ kan ni odò Ọya, afárá Jẹ́bà sì na ara lé e lórí.

Ẹ́ńjìnnì dúró lórí afárá. Agolo oògùn ẹ̀fọn ló fi ṣe é. Ó ní lákọ̀ọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì èédú lòun ṣe, tó ní ọ̀nà èéfín, tó lẹ́wà. Ìgbà tó yá ló rántí pé lọ́dún tí òun ń ṣe yìí, ẹ́ńjìnnì dísù ló ń fa ọkọ̀ èrò náà. Ló bá tú u, ó gé ọ̀nà èéfín kúrò, ó tẹ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ó tún un kùn.

"Ta ló máa mọ̀, Bàbá?"

"Èmi."

Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì náà ni nǹkan gbọọrọ tí Mùbárákà rí wà. Kóòṣì ni. N kò rí irú rẹ̀ rí. Gbogbo ohun tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan lára kóòṣì gidi, Bàbá Rélùwéè sọ ọ́ di ibú èékánná ìka rẹ̀ tó kéré jù. Èékánná yẹn ló fi ń wọn nǹkan, kì í gé e, kó lè hàn dáadáa lórí igi. Ilẹ̀kùn ń ṣí. Àga wà nínú rẹ̀ ní ìlà ìlà. Gbogbo fèrèsé rẹ̀ ni ó lẹ̀ pa, àfi ọ̀kan ṣoṣo tó lè lọ sókè, tó sì lè wá sílẹ̀, nítorí Hannah kì í lè jókòó níbi tí atẹ́gùn kò bá ti fẹ́ sí i.

Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi. Lọ́dún 1978, ó gba páàsì, ìwé tí òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ìyàwó rẹ̀ fi ń wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Hannah fẹ́ rí odò Ọya láti ojú fèrèsé. Ó ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ọkọ rẹ̀ á sì ní ó di àmọ́dún. Lọ́dún náà, ó gbà. Hannah di ẹrù sínú àpótí rẹ̀, èyí tó ti ilé ìyá rẹ̀ gbé wá. Ọ̀sẹ̀ tí wọn ì bá lọ ni wọ́n mọ̀ pé oyún wà lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò. Oyún náà bọ́ nígbà tó di oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, Hannah kò dárúkọ Jẹ́bà mọ́, kò sì tú àpótí náà.

"Títí ó fi kú?"

"Èmi ni mo tú u lóṣù tó kọjá. Búláòsì mẹ́ta, tówẹ̀lì, ọṣẹ tó ti gbẹ. Mo tò wọ́n sínú báàgì, wọ́n wà níbẹ̀ yẹn." Ó fọwọ́ pa òrùlé kóòṣì. "Igi àpótí náà nìyí. Ìrókò ni. Mi ò lè fi igi mìíràn ṣe é, Ìyá Ayọ̀bámi. Òun ló yẹ kó bá a lọ."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀yin àti òun ga bákan náà. Ẹ bá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí. Ẹ gbé ìgúnpá yín bí ẹni tó fẹ́ gbé e lé ojú fèrèsé ọkọ̀."

Mo jókòó. Mo gbé ìgúnpá. Ó fi tépù wọn ìdí bẹ́ǹṣì dé ìgúnpá mi, ó kà á sí èékánná, ó lọ wo fèrèsé tó ń ṣí náà, ó mi orí.

"Ó fi díẹ̀ ga jù. Ì bá ti dùn ún lápá kó tó dé Òṣogbo."

Ó mú abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e sílẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, apá mi ṣì wà lókè bíi ti wèrè.

Ní Sátidé, àwọn àna rẹ̀ dé láti Iware, Ọ̀ṣunníyì àti Ifákúnlé ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bàbá Rélùwéè ránṣẹ́ pè mí kí n wá jókòó tì í, nítorí èmi ni ọ̀rẹ́ Hannah. Kò mọ ẹni tó ń pè.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹrù obìnrin tó kú láì fi ọmọ sílẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ni ín. Bàbá Rélùwéè kò sì bá wọn jà lórí rẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí wọ́n wá kó ìkòkò àti ẹ̀rọ ìránṣọ àti aṣọ, òun fúnra rẹ̀ ló bá wọn gbé e sínú ọkọ̀. Àpótí nìkan ni ọkọ̀ ọjọ́ náà kò gbà. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá gbé e.

Bí wọ́n ti wọlé ní Sátidé náà, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.

"Dìde, Olúṣínà," Ifákúnlé ní. "Ẹ̀yìn rẹ kò gba èyí mọ́."

Ọ̀ṣunníyì kò jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, àpótí ìyá wa dà?"

Bàbá Rélùwéè wọ yàrá lọ, ó gbé kóòṣì àti ẹ́ńjìnnì jáde, tí ìkọ́ so wọ́n pọ̀, ó gbé wọn sórí tábìlì pálọ̀. "Òun nìyí."

"Èwo?"

"Eléyìí. Igi rẹ̀ ni."

Ọ̀ṣunníyì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́. "Ẹ fi àpótí ìyá wa ṣe ohun ìṣeré."

"Kì í ṣe ohun ìṣeré."

"Ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn ni mo ń sùn sí títí mo fi di ọmọge! Bí ìyá wa bá ṣí i, òórùn káńfọ̀ á gba gbogbo ilé. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e tẹ̀lé Hannah wá sílé yín, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sunkún, kì í sì í ṣe nítorí Hannah!"

"Mo jẹ̀bi," Bàbá Rélùwéè ní. "Ó yẹ kí n bi yín. N ó kan òmíràn fún yín, ìrókò tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ṣé ìyá wa á tún wá lò ó, kó lè di tirẹ̀?"

Ifákúnlé gbé ọwọ́ sókè. "Kò le tóyẹn. Olúṣínà, káfíńtà ni ọ́. Tú nǹkan yìí, kí o kàn án padà sí bó ṣe wà."

"Ẹ̀gbọ́n, kò ṣeé ṣe. Mo ti fá igi náà títí ó fi fẹ́lẹ́ bíi páálí. Èyí tí mo fá kúrò, mo ti gbá a dànù."

"Ó dáa. Ohun tó kù nínú àpótí náà nìyí. A ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbé ibùsùn, ẹ gbé ilẹ̀kùn ilé yìí. Kóòṣì yìí nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

"Ìyá wa ò ni agolo oògùn ẹ̀fọn. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ la wá gbà."

Mo rò pé ó yẹ kí n ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pè mí. "Bàbá, ẹ ṣàánú wọn. Wọn kò tà á. Wọn kò fi ṣe nǹkan burúkú."

Ọ̀ṣunníyì kọjú sí mi. "Ìyá Ayọ̀bámi, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ fún mi létí ọjà pé wọ́n ń gé nǹkan Hannah? Ẹ wá ń bẹ̀bẹ̀?"

Bàbá Rélùwéè wò mí. Ǹ bá fẹ́ kó bú mi. Kò bú mi. Ó yí ojú padà sí àwọn àna rẹ̀ bíi pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lójú títì ni.

"Mo ṣèlérí fún un," ó ní. "Ogójì ọdún ó lé."

"Ẹ ṣèlérí fún alààyè," Ọ̀ṣunníyì ní, "ẹ wá ń mú un ṣẹ fún òkú. Òkú ń wọkọ̀ ni?"

"Ọ̀ṣunníyì, rọra," Ifákúnlé ní.

"Mi ò ní rọra! Kí ni wọ́n fẹ́ máa fi ṣe? Kí wọ́n sọ ọ́. Ọmọ wo ló wà nílé yìí tó máa fi ṣeré?"

Mo gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Mùbárákà lódìkejì títì.

"Ọ̀ṣunníyì!" Ifákúnlé fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀. "Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?"

"Irọ́ ni mo pa? Ọmọ ìyá mi ni Hannah, ẹ̀dùn ọkàn mi náà ni!"

"Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ẹnu àna ló yẹ kó ti jáde? Bẹ̀ wọ́n!"

"Kí wọ́n kọ́kọ́ bẹ ìyá wa ná!"

Bí wọ́n ti ń bá ara wọn fà á, Bàbá Rélùwéè bẹ̀rẹ̀ síwájú tábìlì. Ó fi èékánná gígùn rẹ̀ yọ ìkọ́ tó so kóòṣì mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kóòṣì, ó gbé e lé Ọ̀ṣunníyì lọ́wọ́. Obìnrin náà gbà á kó tó mọ̀ pé òun gbà á, ó sì dì í mú jìnnà sí àyà bíi nǹkan gbígbóná.

"Ọwọ́ tí fèrèsé tó ń ṣí wà," Bàbá Rélùwéè ní, "ẹ má dì í mú níbẹ̀."

"Olúṣínà, jókòó," Ifákúnlé ní. "A kò tíì parí ọ̀rọ̀. Mo ṣì ń bá a wí lọ́wọ́. Mo ní mo ṣì ń bá a wí."

Bàbá Rélùwéè gba iwájú mi kọjá láì wò mí. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, kò wọ̀ ọ́. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde sínú oòrùn, ó kọjú sí ọ̀nà Fiditi, Ifákúnlé sì ń pe orúkọ rẹ̀ láti orí àga.