Àmù Tó Ń Làágùn Fún Ìyá Àgbà

Òórùn àpò kòkó tó rin gbindin fún omi ni mo fi ń jí ní ọyẹ́ ọdún tí mo wà ní ìwé mẹ́ta ní Ẹ̀fọ̀n. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wá nígbà náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé orí òkè yẹn dàgbà, ẹ mọ irú ọyẹ́ tí mò ń wí: ètè á là, àtẹ́lẹsẹ̀ á sán, ọmọdé á sì máa tú èéfín lẹ́nu bí ẹni tó ń fa sìgá. Nírú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọmọ ẹlẹ́ran ara ṣì ká jọ sábẹ́ aṣọ, èmi ti gbé garawa, mo ń lọ pọn omi tí ẹnikẹ́ni kò ní mu. Àmù kan ni mò ń pọn ọ́n fún.

Ìyá tó bí màámi ló fa gbogbo rẹ̀. Ìyá Àgbà là ń pè é, ọ̀dọ̀ wa ló sì ń gbé. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ tipẹ́. Ara ń yá bọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò wù ú jẹ mọ́. Ìwọ̀nba eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò dojú kọra. Wọ́n á gbé iyán dé iwájú rẹ̀, iyán tí ọmọ Èkìtì kì í kọ̀, á yí ojú sí ògiri. Ohun kan ṣoṣo ló ń wí: "Ọ̀yà tútù ló ń wù mí, èyí tí kò rí èéfín." Ó ń gbẹ lójú wa. Mo bá màámi lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan, ó fi ìdí ìró nu ojú, ó ní èéfín ló kó sí i lójú. Bẹ́ẹ̀ iná kò sí lẹ́yìn ilé.

Ẹ ó ní kí ló le níbẹ̀, ṣebí ọdẹ ni bàámi? Ó le o. Oko kòkó ni bàámi ń ṣe, ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ló ń wọ igbó ọdẹ. Bó bá pa ọ̀yà, ọjọ́ kan péré la ó fi jẹ ẹ́ ní tútù. Ìyókù á gun orí ààrò, wọ́n á yan án títí á fi le bí igi. Ìyá Àgbà á jẹun lọ́jọ́ kan yẹn, inú ilé á dùn, lọ́jọ́ kejì ó tún di ojú yíyí. Bí wọ́n bá ní kó mu omi ọbẹ̀ ẹran yíyan, èéfín inú rẹ̀ á mú un wúkọ́. Iná mànàmáná kò sì tíì dé àdúgbò wa, ká tó wá sọ ti fíríjì, ohun olówó.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, màámi bu omi mu nínú àmù tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé. Ó gbé e dé ẹnu, ó dúró. Ó bi mí pé, "Ta ló ń mú omi yìí tutù?"

Mo ní n kò mọ̀.

Ó ní, "Kò sí iná, kò sí yìnyín, ó sì tutù báyìí. Bí ìkòkò bá lè mú omi tutù, kí ló ní kó má mú ẹran tutù?"

Nígbà tí bàámi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ẹran tí kò bá rí iná, ìdin ló ni ín." Màámi kò jà. Ó kàn ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Àmù kan ṣoṣo la ní, òun la sì fi ń mu omi, nítorí náà màámi kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó lọ hú ìkòkò ọbẹ̀ ńlá kan jáde, èyí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ìnáwó. Ó rọ yanrìn odò sí i nídìí, ó gbé ìkòkò kékeré sínú rẹ̀, ó tún fi yanrìn dí àárín àwọn méjèèjì, ó da omi sí yanrìn náà. Ó kó ọ̀yà tí bàámi ṣẹ̀ṣẹ̀ pa sínú ìkòkò kékeré, ó dé e, ó sì fi àpò kòkó tútù bo gbogbo rẹ̀.

Ìyá Ọ̀ṣogbo, aládùúgbò wa tó ń ta ẹja inú yìnyín, bá a lẹ́nu rẹ̀. Ẹja yẹn là ń pè ní òkú-Èkó, orúkọ yẹn sì máa ń dun obìnrin náà. Ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Háà! Ẹ̀yin ará ibí, ẹ ní òkú-Èkó ni mò ń tà. Ẹ̀yin wá rí òkú-igbó, ẹ tún ti sin ín sínú yanrìn!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi màámi.

Lọ́jọ́ kejì tí a ṣí i, òórùn lé àwa sá, ó sì pe ajá wá. Bàámi kàn ń súfèé káàkiri àgbàlá, ìyẹn gan-an ló dun màámi jù.

Ìyá Àgbà ló gbóhùn láti inú yàrá: "Ìkòkò wo lẹ lò?"

Màámi ní, "Ti ọbẹ̀ ni, Ìyá."

Ẹ wo ẹ̀rín! Láti ìgbà àìsàn, n kò gbọ́ irú rẹ̀. Ó ní, "Ìkòkò tó ti mu epo yó! Ibo ni yóò gbà làágùn? Ìkòkò tí kò bá làágùn kò lè tutù. Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ulé yìí kò mọ̀yẹn ni? Àmù tí mo gbé fún ọ nígbà tó o wọlé ọkọ ńkọ́?"

Màámi wo àmù náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló da omi inú rẹ̀ nù, ó gbé e lé orí òkúta mẹ́ta níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó sì to yanrìn àti ìkòkò kékeré sínú rẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ yẹn, inú kẹ́ẹ̀gì la ti ń mu omi, kẹ́ẹ̀gì tó ń rùn kẹrosíìnì. Bàámi ń kùn pé òun dé láti oko, òun kò rí omi tútù mu nínú ilé ara òun.

Èmi ni wọ́n yàn láti máa da omi sí yanrìn àti àpò náà: láàárọ̀, bí mo bá dé láti ilé ìwé, àti kí n tó sùn. Bí mo bá ráhùn, màámi á ní, "Ẹni bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù." Òótọ́ ni, torí èmi gan-an ló ń tẹ ẹrẹ̀ tútù yẹn nínú ọyẹ́, láìwọ bàtà!

Bàámi tún pa ọ̀yà. Màámi fi iyọ̀ pa á lára, ó fi ewé wé e, ó gbé e sínú àmù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹ̀rù kò jẹ́ kó lè ṣí i. Bàámi ló wá ṣí i. Ó ti imú bọ̀ ọ́. Ó gbé orí sókè, ó tún ti imú bọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń wá ẹ̀sùn.

Ó ní, "Ẹ dá iná." Màámi hó yèè!

Wọ́n gbé ọbẹ̀ náà fún Ìyá Àgbà. Ó fi èrìgì họ ẹran náà díẹ̀díẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka. Lẹ́yìn náà ló sún àwo síwájú, ó ní, "Ẹ bù sí i."

Màámi kọjú sí ògiri, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà bá wo bàámi láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àna mi, àmù yìí làágùn nítorí mi jù ọ́ lọ." Bàámi rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ̀ bọ́ lórí àpótí. Kó tó di pé ọ̀sẹ̀ yí po, ó ti ń sọ fún àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ nípa àrà tí òun dá.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àmù kò làágùn dáadáa mọ́, ẹran tún padà sórí ààrò. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bú Ìyá Ọ̀ṣogbo nígbà yẹn.

Mo máa ń sín Ìyá Àgbà jẹ, kí n yé tan ara mi. Màá ká ètè wọnú, màá máa fi èrìgì jẹ afẹ́fẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò á máa yí mọ́lẹ̀ fún ẹ̀rín. Eyín tèmi nígbà yẹn, eegun itan ọ̀yà kò tó nǹkan fún un.

Lónìí, fírísà wà nílé mi ní Adó, ó ga tó mi láyà. Lóṣù tó kọjá ni dókítà fa eyín ẹ̀yìn mi kejì. Títílayọ̀ ọmọ mi ra ọ̀yà yíyan bọ̀ láti Ìpotì, ó fi se ọbẹ̀. Mo yí ẹran náà sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, kò gbọ́. Ọmọ náà wò mí, ó gbé àwo náà kúrò. Gáàsì ti tán, ó lọ kó èédú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fẹ́ ẹ. Ó pẹ́ kó tó padà wọlé. Ẹran náà ti rọ̀ jọ̀jọ̀.

Mo jẹ ẹ́ tán. Mo ti yó, àyè kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè, mo rí òógùn níwájú orí ọmọ mi. Mo sún àwo síwájú, mo ní, "Bù sí i."