Ẹsẹ̀ tí Bàbá Mi Fi Ń Bo Ìrẹsì

Ẹsẹ̀ òsì ni bàbá mi fi ń bo ìrẹsì. Gbogbo Ọ̀fàdà ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

Bí a ṣe ń gbin ìrẹsì nìyí. A ó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, a ó kọjú síbì kan náà. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àpò irúgbìn wà lọ́rùn. O gbẹ́ ihò kékeré, o ju ìrẹsì sí i, o fi ẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó, o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, o sún síwájú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni gbogbo wa fi ń ṣe é. Jùbrílù bàbá mi nìkan ni ti òsì.

Kì í ṣe ní oko nìkan. Òsì ló kọ́kọ́ ń wọ ṣòkòtò. Òsì ló fi ń gbá ọsàn tó bá já bọ́ sójú ọ̀nà. Ìyá mi, Asiata, ọmọ aláró ni ní Kémta. Ó máa ń sọ pé ọjọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ wá bá òun nílé, òsì ló fi wọlé. Ìyá ìyá mi ní, “Asiata, ọmọkùnrin yìí á gbé ẹ gba ibi tí ò lọ́nà.” Ìyá mi á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ó kúkú gbé mi dé Ọ̀fàdà.”

Ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ló máa ń dà á láàmú jù. Ọ̀tún là á fi wọ ibẹ̀. Bàbá mi á dé ẹnu ọ̀nà, òsì á ti lọ, á fà á padà, á dúró, á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé ọ̀tún. Bàbá Josiah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, kì í ṣe Mùsùlùmí. Ní ọjọ́ Jímọ̀, á jókòó sábẹ́ igi ọ̀dàn tó wà níwájú ibẹ̀, á máa dúró dè é kí wọ́n lè jọ lọ sóko. Á ní, “Àgbò tí ò fẹ́ wọlé ti dé.” Bàbá mi ò ní dá a lóhùn títí á fi kírun tán.

Àró la fi ń ṣiṣẹ́. Lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìẹ. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, bí bàbá mi bá wà láàárín ìlà, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ á máa gbá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ jà sí i. Bàbá Josiah ló ní kó lọ dúró ní ìpẹ̀kun lápá òsì, létí igbó, níbi tí kò ti ní gbá ẹnikẹ́ni. Bó ṣe di ará etí igbó nìyẹn. Ẹni tó bá sì wà létí igbó, òun ni gbogbo ìlà ń wò. Bí tiẹ̀ bá wọ́, gbogbo oko wọ́. Ti bàbá mi kì í wọ́. Wọ́n ń pè é ní Bàbá Etí Igbó. Ó fẹ́ràn orúkọ yẹn ju kí wọ́n pè é ní Àlàájì lọ.

Lọ́dún 1981, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Bàbá mi ti lé lọ́gọ́ta. Ó fẹ́ wọ ṣòkòtò, ọ̀tún ló kọ́kọ́ tì bọ̀ ọ́. Ọsàn já, ọ̀tún ló fi gbá a. Mo rò pé mi ò rí i dáadáa ni. Ìyá mi náà rí i.

“Bàbá Àmúdà, ẹsẹ̀ yín ti ń pààrọ̀ ipò o.”

“Ẹsẹ̀ ta ni?”

Ó bínú lóòótọ́.

Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Nínú àró wa, àgbà tí ara rẹ̀ bá ti ń yí padà, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lórí ìlà. Á lọ jókòó ti àwọn obìnrin, á máa fẹ́ irúgbìn, á máa lé ẹyẹ. Ṣéhù sì ti ń wo etí igbó. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó lágbára bíi màlúù. Ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé, “Torí ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n ṣe fi Bàbá síbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá yí, kí wọ́n fún mi.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín.

Òjò rọ̀, a jáde lọ gbìn. Òsì ni bàbá mi fi ṣe é. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí i bí ọ̀tún ṣe ń fẹ́ gbéra, tó ń dá a dúró, tó ń fa òsì jáde bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Orúnkún òsì ti le. Ó kàn ń wọ́ yẹ̀pẹ̀ ni, kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mi ò lè bá a sọ ọ́.

Nígbà tí ìrẹsì hù, etí igbó pá. Àparò ti hú u jẹ. Ibi tó kù tutù yọ̀yọ̀, ti bàbá mi dà bí orí tí wọ́n fá.

Ṣéhù ní, “Igbó ló sún mọ́ ọn. Àparò ò láàánú.” Bóyá ó fẹ́ bá a bo àṣírí ni. Bàbá mi dúró níbẹ̀, ó ń wolẹ̀.

Bàbá Josiah wá bá a.

“Jùbrílù.”

“Hùn.”

“Àgbò mi dà?”

“Àgbò wo?”

“Èyí tí kì í fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó sábẹ́ igi yẹn lásán. O kàn ń wọlé lọ tààrà ni. Mi ò rí nǹkan fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.”

Bàbá mi fi ọkọ́ ha ilẹ̀.

“Ẹsẹ̀ ti yí. Kí ló wá dé? Èmi náà, ọ̀tún ni mo fi ń ta ajá nípàá tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, èyí tó bá sún mọ́ ajá ni.”

“Tó bá ti yí, kí ni mo tún ń ṣe létí igbó?”

Ohùn rẹ̀ já níbẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá Josiah na ọkọ́ sí ilẹ̀ náà. Ìrẹsì díẹ̀ tí àparò ṣẹ́ kù tò lọ ṣánṣán, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Ẹsẹ̀ ló gbé ẹ débẹ̀. Ojú ló jẹ́ kó o pẹ́ níbẹ̀. Wo ìlà. Ṣé ẹsẹ̀ ló ṣe èyí? Lọ tún un gbìn kí òjò tó lọ. Fi èyí tó bá wù ẹ́ bò ó.”

“Ṣéhù ńkọ́?”

“Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ni Ṣéhù máa ń wò tó bá ń gbìn. Ìlà ẹ̀ ń rìn bí ejò.”

“Bàbá, mo wà níbí o,” Ṣéhù ló sọ bẹ́ẹ̀.

“Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá mi tún etí igbó gbìn. Mo bá a lọ. Ọ̀tún ló fi bò ó, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó kọ́kọ́ ń tijú, ó ń wò yíká. Nígbà tó yá, ó gbàgbé. Mo bi í pé kí ló ń wò níwájú tí kì í fi í wolẹ̀.

“Ọ̀pẹ tó wà lọ́hùn-ún. Kì í kúrò níbẹ̀. Ẹni bá ń wo ẹsẹ̀ á wọ́.”

Àparò tún wá. Wọn ò rí nǹkan hú.

Ó dúró níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà sí i. Ọyẹ́ tó kọjá yìí ló kú. Ikọ́ ni. A sin ín sẹ́yìnkùlé. Sálúbàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyá mi ò jẹ́ ká gbé e. Ti ọ̀tún ti jẹ ju ti òsì lọ.

Òjò dé, a tò. Àyè kan ṣófo létí igbó. Kò sẹ́ni tó sún síbẹ̀. Mo rò pé Ṣéhù á gbà á, ó ti ń retí ẹ̀ tipẹ́. Ṣéhù fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí.

“Àmúdà, bọ́ síbẹ̀.”

“Ọ̀tún ni mo fi ń bò ó.”

“Ṣebí ọ̀tún náà ni Bàbá fi bò ó gbẹ̀yìn? Bọ́ síbẹ̀. Má jẹ́ kó wọ́.”

Mo wo ọ̀pẹ. Omi wà lójú mi, ọ̀pẹ di méjì. Mo tẹ̀ lé ọ̀kan.

Nígbà tó hù, ìlà mi wọ́ níbẹ̀rẹ̀, kó tó wá tọ́. Gbogbo àró rí i. Bàbá Josiah lọ dúró síbi tó wọ́ yẹn, ó wò ó pẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ wò, ó bá tiẹ̀ lọ. Yẹ̀pẹ̀ náà le. Àparò ò hú nǹkan kan níbẹ̀.