Ìrẹsì Tí A Lọ Dúpẹ́ Rẹ̀

Nígbàkigbà tí mọ́tò bá gbé mi kọjá láàárín Ìyànà Ìbà àti Okokomaiko, n kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Ọrùn mi á yí fúnra rẹ̀, ojú mi á máa wá géètì aláwọ̀ ewé kan tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ibẹ̀ ṣe báyìí. Ṣùgbọ́n ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba ológun, ń fún gbogbo wa lọ́rùn, kọ́ńpìnnì abọ́ tánganran ló wà níbẹ̀, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí inú mi fi máa ń bàjẹ́ bí wọ́n bá ń pín ìrẹsì lásìkò ìbò, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Òkè òkun ni àwọn tó ni kọ́ńpìnnì náà ti wá. N kò ní parọ́ mọ́ wọn. Ilẹ̀ àbàtà ni ibẹ̀ kí wọ́n tó dé. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, gbogbo àdúgbò sì ń pọnmi níbẹ̀. Èmi tí mo kàwé mẹ́wàá tí mo rìn títí bàtà mi fi lu, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ríṣẹ́. Bàbá Lámídì, ará Ìfọ̀ tó ń gbé Ajangbadi, ti wà nídìí iná ìléru láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a. Kò sí irun kankan lápá rẹ̀ mọ́, iná ti jó o tán. Òun ni àgbà wa, bó bá sọ̀rọ̀, a máa ń gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí gbogbo wa di lébìrà ojúmọ́. Ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́nu géètì á wọlé, ẹni tí wọn ò bá pè á padà sílé. Bí àìsàn ṣe ọ́, bí o lóyún, bí o darúgbó, tìẹ nìyẹn. A ní a ò gbà. Alákòóso òṣìṣẹ́, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, jáde wá bá wa sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má jẹ́ ká ba nǹkan jẹ́ o. Ọ̀gá ní bẹ́ ẹ bá ń ṣe wàhálà, àwọn á kó machine àwọn lọ sí Tógò. Àwọn ará ibẹ̀ kì í ráhùn."

Mo ní, "Ẹ bá wa sọ fún wọn pé ọ̀nà Tógò ò jìnnà. Iwájú géètì yìí náà ló gbà kọjá."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn sí ẹnu ara mi lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ pé n ó padà gba ọ̀nà ọ̀hún.

A yanṣẹ́ lódì. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, nítorí náà a rìn pọ̀. Yorùbá, Ègùn, Íbò, gbogbo wa la jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Badagry tí à ń kọrin, ẹnikẹ́ni ò sì gba géètì wọlé. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, orin ń lọ sílẹ̀. Ebi ti wọ ilé.

Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ni ọkọ̀ kọ́ńpìnnì ń yà láti ojúlé dé ojúlé ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà, ní Ajangbadi. Ààbọ̀ àpò ìrẹsì fún ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kò kan ọ̀rọ̀ ìjà, wọ́n ní ọ̀gá sọ pé àwọn ọmọ ò bá òun jà. Mo sáré lọ sílé kí n lè dá tèmi padà. Ìyá ọkọ mi ti gbé e kaná kí n tó dé.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí Bàbá Lámídì fi dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó wọ aṣọ funfun, ó dé fìlà.

"Ìyá Bísí, múra, jẹ́ ká lọ kí wọn kú àná."

"Bàbá, a ṣì ń bá wọn jà o!"

"Ìjà nìjà, ọpẹ́ lọpẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Tá a bá ti dúpẹ́ tán, a ó padà síbi tá a jókòó sí."

Mo múra, mo tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ìrẹsì wà nínú mi, ẹnu mi kò sì lè sọ pé kò sí. A tó ọgọ́ta tó lọ.

Tábìlì wà nínú géètì, ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Alákòóso ló dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ yín, kí ọ̀gá lè mọ àwọn tó wá kí wọn."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà lókè ìwé náà, ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èmi tí mo mọ̀wé nínú wa rí i. Ṣùgbọ́n ojú tì mí láti dúró máa kàwé lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó má baà dà bí ẹni pé mò ń fura sí i. Mo buwọ́ lù ú. Èmi ni mo kọ́kọ́ buwọ́ lù ú. Bàbá Lámídì tẹ̀ka tẹ̀ lé mi. A wọlé, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwa obìnrin kúnlẹ̀, a ní ẹ ṣé àná. Ọ̀gá bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ máa kọrin wa.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì. Orúkọ àwọn tó ti gbà láti di lébìrà ojúmọ́, tí wọ́n sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ló wà níbẹ̀. Tèmi ló ṣáájú. Àwọn tí orúkọ wọn kò sí níbẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Obìnrin Ègùn kan tí a jọ ń kun abọ́, tí kò bá wa lọ, wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Akọ̀wé, ìrẹsì yẹn dùn?"



Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àlejò kò mọ̀ pé a máa ń kí ni kú àná. Ẹni tó mọ̀ ló sọ fún un. Bí ikú ilé ò pa ni, tòde ò lè pa ni.

Kò pé oṣù mẹ́fà tí wọn ò fi pe Bàbá Lámídì lẹ́nu géètì mọ́. Mo lọ bẹ Bàbá nílé. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo mọ̀wé, èmi ló yẹ kí n kà á.

Ó ní, "Dìde. Mi ò kábàámọ̀ pé mo dúpẹ́. Ẹni tó fi ọpẹ́ mi dẹ pàkúté ni kójú ó tì."

Ojú kò tì í. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 bẹ̀rẹ̀, kọ́ńpìnnì náà tú ẹ̀rọ wọn palẹ̀, wọ́n lọ. Èmi di oníṣòwò aṣọ, mò ń ti Kutonu lọ sí Lomé, mò ń dé Tẹ́mà. Ibi gbogbo ni mo ti ń rí àwọn géètì ńlá bẹ́ẹ̀, asíá òkè òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ asíá tibẹ̀, àwọn èèyàn tí wọ́n dúró níta láàárọ̀ tí wọ́n ń retí kí wọ́n pe orúkọ wọn. Lẹ́yìn Lomé ni mo ti rí géètì aláwọ̀ ewé. Mo bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò láìrò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń kọrin. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Kétu, gbọ́ Yorùbá.

Ó ní, "Wọ́n láwọn á sọ wá di alágbàṣe ojúmọ́. Wọ́n ní tá a bá kọ̀, àwọn á kó ẹ̀rọ padà sí Nàìjíríà. Wọ́n láwọn ará Nàìjíríà kì í ráhùn."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, gbọ́. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá fún yín, ẹ má lọ kí wọn."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìyá, a ti lọ kí wọn láàárọ̀ yìí."

"Ṣé ẹ kọ orúkọ?"

"Wọ́n ní ká kọ ọ́."

Kí la rí gbà níbi ìjà wa? Ìbọ̀wọ́ awọ fún àwọn tó wà nídìí iná, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a pàdánù, ẹ ti gbọ́. N kò sọ pé kí àlejò má wá dá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, omi kànga yẹn dára, mo mu ún. N kò sì ní kọ́ yín pé kí ẹ má dúpẹ́. Bí wọ́n bá na ìwé sí yín, ẹ dúró kà á, bí ojú bá tilẹ̀ ń tì yín, ẹ kà á sókè kí àwọn tí kò mọ̀wé lè gbọ́.

Bàbá Lámídì kú sí Ajangbadi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá iná ìléru yẹn títí di ọjọ́ tí wọn ò pè é mọ́, iṣẹ́ ló ṣe fún kọ́ńpìnnì náà. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó dìde láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kó ní, "Bàbá, ẹ ṣé àná."