Fọlákẹ́ àti Sálámáńdà Odò Ẹ̀yìn Ilé Wa

Bí mo bá gbóòórùn ewé tó rà sínú omi, òwúrọ̀ Sátidé ló máa ń rán mi létí. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ilé tí a ń gbé ní Stone Mountain, kò jìn ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Bàbá mi ti fìgbà kan jẹ́ tíṣà bàọ́lọ́jì nílé, kí a tó kó wá sókè òkun, tí wọ́n wá ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìkẹ́rùsí ní Union City. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọn á kọ́kọ́ mú mi lọ sódò kí wọ́n tó sùn. Àwa méjèèjì péré ni, àfi ìgbà tí Fọlákẹ́ dé.

Ọmọ ọ̀rẹ́ ìyá mi tó ń gbé ní Stockbridge ni. Bí ìyá rẹ̀ bá ní iṣẹ́ ní Sátidé, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé e sí. Kò ṣẹ̀ mí, ara mi kàn kọ̀ ọ́ ni. Òun ni bàbá mi ń fún ní awò tó ń mú nǹkan tóbi, èmi ni mo ń ru bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìyá mi a máa fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá Bísí, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn o." Bàbá mi á ní àlejò ni ọmọ náà.

Lọ́jọ́ kan a ṣí òkúta, a bá ẹ̀dá kan tó tó ìka mi lábẹ́ rẹ̀. Alángbá omi ni ìyá mi ń pe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi ti kọ́ wa pé sálámáńdà ni: kò ní ìpẹ́, kò ní èékánná, awọ ara ló fi ń mí, a sì gbọ́dọ̀ fi omi rin ọwọ́ ká tó fọwọ́ kàn án. Oríṣi méjì ló wà nínú odò wa. Ọ̀kan pupa rúsúrúsú, ìlà dúdú méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì ṣú, ìlà funfun kan ti ojú rẹ̀ wá sí igun ẹnu. Bàbá mi bi wá pé èwo lèyí. Fọlákẹ́ yára ní onílà méjì ni. Mo ní rárá, kí wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀.

Ìlà funfun náà wà níbẹ̀. Mo dúró de ọ̀rọ̀ ìyìn kan ṣoṣo. Bàbá mi fọwọ́ kan Fọlákẹ́ léjìká, wọ́n ní ó gbìyànjú, ojú rẹ̀ mú. Wọ́n wá kọjú sí mi.

"Bísí, dá a padà sómi kí ara ẹ̀ tó gbẹ."

Ó parí síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi mọ́tò gbé Fọlákẹ́ lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kí n bá wọn lọ. Mo ní inú ń run mi, mo sì dúró sílé, bí mo ti máa ń ṣe.

Nígbà tí bàbá mi papòdà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Fọlákẹ́ wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn ìsìnkú.

"Bísí, títí a fi máa dé Stockbridge, ìwọ nìkan ni Daddy yín máa ń talk about. 'Ojú ọmọ mi yẹn ju tèmi lọ.' Every Saturday. I was so jealous of you."

Ó rò pé yóò tù mí nínú. A kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀, ìfàsẹ́yìn ní ń mú wá. Bí wọ́n ṣe tọ́ bàbá mi nìyẹn. Èmi ń yin ọmọ tèmi títí yóò fi sọ pé, "Mommy, stop." Mo ti dàgbà, ọ̀rọ̀ náà yé mi. Síbẹ̀ mo ń wo etí Fọlákẹ́ tó ti gbọ́ ohun tí mi ò ní gbọ́ mọ́ láé, mo sì tún ń jowú rẹ̀.