Ọṣẹ Ọ̀gágun

Ọmọ ọdún mẹ́wàá péré ni mí lọ́dún tí tíṣà wa ní Houston ní kí oníkálukú kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnìkan tó ti kú. Ọ̀gágun òyìnbó ayé àtijọ́ kan tó tún jẹ́ olùkọ́ ni wọ́n fún èmi. Mo ka ìwé rẹ̀ ní láíbìrì. Ọmọ káfíńtà ni. Ó wọṣẹ́ ológun ní kékeré, ó ja ogun tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ara wọn jà nítorí ẹrú, ó sì di ọ̀gá àwọn ológun ẹlẹ́ṣin. Nígbà tí ogun parí, ó sọ bárékè kan di ilé ìwé fún ọmọ àwọn onílẹ̀, àwọn tó wà níbí kí òyìnbó tó dé. Wọ́n á já àwọn ọmọ náà gbà lọ́wọ́ ìyá wọn, wọ́n á gé irun wọn, wọ́n á sọ wọ́n lórúkọ tuntun. Èyí tó bá sọ èdè ilé rẹ̀, ọṣẹ ni wọ́n fi ń fọ ẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kú síbẹ̀, ẹ̀yìn ilé ìwé ni wọ́n sin wọ́n sí. Ọ̀gágun ní tirẹ̀ dàgbà, ó darúgbó, orí ibùsùn ló kú sí, wọ́n sì yìnbọn ẹ̀yẹ fún un.

Mo ka ìtàn tí mo kọ fún bàbá mi ní apartment wa ní Gulfton. Tíṣà ni wọ́n nílé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n níbí, ẹnu ọ̀nà mall ni wọ́n ń ṣọ́, àwọn ọ̀gá wọn sì máa ń fi bí wọ́n ṣe ń sọ òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá mi ní kí n tún ibi ọṣẹ yẹn kà.

"Ọlọ́gbọ́n ọkùnrin nìyí," òyìnbó ni wọ́n fi sọ ọ́. "Láti òní lọ, kò sí Yorùbá nínú ilé yìí mọ́. English only."

Ìyá bàbá mi, tí wọ́n wá láti ilé kí wọ́n lè máa bá wa tọ́jú àbúrò mi, jókòó síbẹ̀. Wọn ò gbọ́ òyìnbó. Wọ́n bi wá pé, "Kí ló wí?"

Ẹ fojú inú wò ó, ẹ̀yin ọmọ mi. Màmá àgbà á kí wa láàárọ̀, a ó dákẹ́. Wọ́n á bi wá bóyá a ti jẹun, a ó wolẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, àbúrò mi, ọmọ ọdún márùn-ún, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní, "Màmá àgbà, ebi ń pa mí." Bàbá mi wọ́ ọ lọ sí ilé ìwẹ̀. Màmá àgbà di apá wọn mú, wọ́n ní, "Ṣé báyìí ni mo ṣe tọ́ ọ?" Bàbá mi já apá gbà. Èmi ni wọ́n ní kí n mú ọṣẹ wá. Mo sì mú un wá.

Àbúrò mi bì títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́ tí Màmá àgbà fi ní kí wọ́n dá òun padà sílé. Ní airport, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú: "Sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi kí n tó lọ." Bàbá mi dúró tì wá. Mo ní, "Bye-bye, Grandma." Ọdún ò yí po tí Màmá àgbà fi kú. Ìtàn tí mo kọ ló sì gba ipò kìíní ní kíláàsì. Tíṣà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ayé ti yí padà báyìí. Láti Richmond títí dé League City ní agbègbè Houston yìí, wọ́n ń gbé ẹ̀yin ọmọ òde òní lọ kọ́ Yorùbá ní gbogbo Sátidé, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún yín tí ẹ bá lè kí àgbàlagbà dáadáa. Inú mi ń dùn sí i. Àbúrò mi náà máa ń gbé àwọn ọmọ tirẹ̀ wá síbi ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n kì í wọlé. Inú mọ́tò ló máa ń dúró sí títí wọ́n á fi parí. Bí mo bá lọ bá a níbẹ̀ tí mo kí i ní Yorùbá, orí nìkan ló fi ń dá mi lóhùn.