Ìbọn tí Afínjú Nù Dé Eegun

Ọkọ àbúrò mi kì í wẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ ìbọn rẹ̀ ń wẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àwa ará ilé la sọ ọ́ ní Afínjú, òun náà sì gbà á bí oyè, kò mọ̀ pé a ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Pálọ̀ mi ni òun, àbúrò mi àti ìbejì wọn ń gbé látìgbà tí onílé ti lé wọn jáde. Mo ní kí wọ́n fi ibẹ̀ fara rọ díẹ̀. Díẹ̀ náà ti di ọdún méjì. Lórí àga mi ló máa ń jókòó sí, á gbé ìbọn bàbá rẹ̀ sórí itan, á fi àkísà wé irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á tì í bọ ẹnu ìbọn náà, á wá máa tì í, á máa fà á bí ẹni tó ń fọ ìgò epo. Àkísà wo? Ìró mi ni. Òróró ìbọn ti rin àga náà débi pé àlejò tó bá jókòó síbẹ̀ á gbé òórùn rẹ̀ lọ sílé.

"Ṣé irin yẹn ò ní ha inú ìbọn náà báyìí?" Mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè mọ̀. Ìbọn tó bá mọ́ kì í tàsé."

Ẹni tí eku kan kò tíì tọwọ́ rẹ̀ kú rí ló ń kọ́ mi ní ọgbọ́n ìbọn.

Olùṣọ́ ni nínú igbó ìjọba tó wà lẹ́yìn ìlú. Nígbà tí wọ́n wá ń wá ọ̀gá fún àwọn olùṣọ́ náà, inú mi dùn ju tirẹ̀ lọ, torí iṣẹ́ ọ̀gá ní ilé nínú: yàrá méjì, kíṣìnnì, omi ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ku òun àti ẹnì kan péré. Ìbọn yíyìn ló máa pinnu, kálukú á sì lo ìbọn ara rẹ̀. Àbúrò mi ti di gbogbo ẹrù wọn, ó so wọ́n lókùn, ó tò wọ́n sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "a ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́."

Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ nínú mi lọ́hùn-ún, mo ti ń tún pálọ̀ mi tò.

Lọ́jọ́ ìdánwò, èmi àti àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti wòran. Ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń darí rẹ̀. Ó ní kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ yin ọta méjì sínú òkìtì yanrìn.

"Òróró wà nínú ìbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù," ó ní. "Ọta àkọ́kọ́ kì í mọ ibi tó ń lọ. Ẹ jẹ́ kí iná jó o kúrò, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Èmi tí n kò gbé ìbọn rí, ó yé mi yékéyéké. Wọ́n yìn ín. Ẹnì kejì, tí ìbọn tirẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, gbé e ti igi, ó ń yán. Afínjú yọjú wo inú tirẹ̀, ó rí èéfín. Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí o: ó fa àkísà yọ lápò, ó da òróró sí i, ó ti irin bọ ẹnu ìbọn.

Àbúrò mi dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Bàbá Ìbejì, wọ́n ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀."

"Jókòó, jàre. Ṣé ìdọ̀tí ni kí n fi gba iṣẹ́?"

Gbogbo ọta ẹnì kejì wọ inú àmì tí wọ́n fi sára pátákó níwájú. Ọta àkọ́kọ́ Afínjú kò tilẹ̀ kan pátákó. Ó nù ún. Ìkejì ba ẹsẹ̀ pátákó. Ó tún nù ún. Títí ọta fi tán, kò sí èyí tó wọlé. Ọlọ́pàá àtijọ́ náà gba ìbọn, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu rẹ̀, ó mi orí.

"Ìlà wà nínú ìbọn yìí tó ń mú ọta yí bí òkòtó, kó lè lọ tààrà. Ẹnu rẹ̀ ni ọta ń fara kàn kẹ́yìn, irin sì ti jẹ ẹnu náà lápá kan. Ta ló ń nù ún láti iwájú?"

"Èmi ni," Afínjú ní, ó tún gbé àyà sókè. "Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́."

Wọ́n ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé pálọ̀ mi ni ọmọ náà ń gbé.

A délé. Ó jókòó sórí àga mi. "Kò mọ́ tó ni," ó ní. "Ká ní mo nù ún dáadáa láàárọ̀ ni."

Àbúrò mi wò ó títí. Kò sunkún, kò jà. Ó gbé ẹrù kan lé orí, ó ní kí àwọn ìbejì gbé ìyókù.

"Ẹrù tí mo ti dì, n ò ní tú u mọ́," ó ní. "Ilé ìyá wa ni mò ń lọ."

Mo sá tẹ̀ lé e dé ojú títì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní pálọ̀ náà tirẹ̀ ni, kó jókòó títí ayé bó bá wù ú. Ó ní kí n má bínú, kí n padà sílé. Ó dùn mí wọra.

Nígbà tí mo wọlé, Afínjú gbójú sókè sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ta ló wá fẹ́ dáná báyìí?"